Ta Ni Yóò Tú Okùn Sílẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ní àfonífojì wa, ẹ má wulẹ̀ ra ìwé ìròyìn. Ẹ lọ jókòó sí iwájú ilé Verna Rehrig láàárọ̀. Ilé rẹ̀ ni ilé olùṣọ́ ilẹ̀kùn omi àtijọ́, ilé kékeré olókùúta funfun tó fẹ̀yìn ti odò àtọwọ́dá, ojú ọ̀nà gígùn kan sì gba iwájú àga rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń rìn, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ẹni tí ajá ń fà kiri, kò sí èyí tó lè yẹ Verna sílẹ̀, kò sì sí èyí tó ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè ni owó ibodè tó ń gbà. "Níbo lẹ ti ń bọ̀? Ta lẹ bá pàdé? Irú bàtà wo lẹ wọ̀ yìí, ṣé kò ń ta yín lẹ́sẹ̀?"

Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti Verna ti kúrò ní ti ọ̀nà. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Èmi náà kò yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi bára mu. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì la ti pàdé, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé ọkọ mi dé ilẹ̀ òyìnbó níbí láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi ń rán kọ́là, Verna ń rán apá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí mi, kò kí mi, aṣọ ọrùn mi ló fà wò. "Ta ló rán èyí fún ẹ? Ẹni náà mọṣẹ́." Mo fẹ́ máa pè é ní Mọ̀mọ́ torí pé ó jù mí lọ dáadáa. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ló ń bọ̀, ó ní, "Verna ni mo ń jẹ́." Ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé báyìí, ọkọ tirẹ̀ ti kú, tèmi náà ti kú, àwa méjì ló ṣẹ́kù síwájú ilé.

Inú ilé yẹn náà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn omi tó ń tì í, kí omi lè gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kó èédú bọ̀ láti orí òkè. Ìbaaka ló ń fi okùn gígùn fa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń rìn létí omi. Ojú ọ̀nà ìbaaka kan ṣoṣo ló sì wà, fún ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí méjì bá pàdé, okùn á lọ́ mọ́ra, àfi bí ẹnì kan bá fún ẹnìkejì láyè. Ọ̀kan á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dá ìbaaka rẹ̀ dúró, á dẹ okùn rẹ̀ títí yóò fi rì sínú omi, èkejì á sì gba orí okùn náà kọjá. Títú okùn sílẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò tú u, ìjà ni, wọ́n sì ń jà á dójú ẹ̀. Verna ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, eyín tí òun ṣà létí omi yẹn ju ẹja tí òun pa lọ.

Rélùwéè ń sáré ní tirẹ̀ ní òdìkejì odò ńlá tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò àtọwọ́dá wa, díẹ̀díẹ̀ ló ń gba èédú mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ omi lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ omi ìkẹyìn kọjá, tí bàbá Verna di ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò kàn mọ́, ó ṣòfin nínú ilé: ẹsẹ̀ ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ tẹ ojú irin yẹn. Ta ló máa rú òfin bí kò ṣe àkọ́bí? Kò tíì pé ọdún kan tí Edna, ẹ̀gbọ́n Verna, tẹ̀lé Joe Hnatko, ọmọ rélùwéè pọ́ńbélé, lọ sí Stony Run lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró bomi mu. Bàbá wọn kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Verna kò ránṣẹ́ ìsìnkú sí Edna, Edna kò sì wá láìpè. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìrìn ìdajì ọjọ́ péré ló sì wà láàárín wọn.

Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fọwọ́ kan egbò náà.

"Verna, ọmọ ìyá ẹ ni. Lọ wá obìnrin yìí rí."

"Ẹni tó ṣófo ló ń tú okùn fún ẹni tó rù," ni yóò dáhùn, bí ẹni ń ka àdúrà. "Èmi ni mo tọ́jú Màmá, èmi ni mo gbé Bàbá títí dé sàréè. Òun gbé báàgì kan, ó gbé Joe. Ta ló rù nínú àwa méjèèjì?"

"Ìwọ ni àbúrò. Nílé wa, àbúrò ló ń kúnlẹ̀."

"Nílé yín nìyẹn. Orí omi kò mọ ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, a ó máa mu kọfí wa lọ.

Ìgbà tó yá, rélùwéè náà kú bí odò ṣe kú. Wọ́n tú irin rẹ̀ tà, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa fi rìn. Ojú ọ̀nà ìbaaka ní ìhà tiwa, ojú ọ̀nà rélùwéè ní òdìkejì, odò ńlá láàárín. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bí yìnyín ṣe yọ́ tán ni wọ́n parí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà méjì tó ti ń bára wọn jà láti ọjọ́ pípẹ́ wá di ọ̀nà kan. Àwọn tó ń rìn ín kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjà wà níbẹ̀ rí.

Afárá yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé, tó máa ń kọjá lójoojúmọ́, ló kọ́kọ́ mú ìròyìn dé.

"Ìyá àgbà kan ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì ní Stony Run," ló wí. "Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ bíi tiyín. Ó ní ṣé omi ṣì ń jò lápá òsì ilẹ̀kùn yìí."

Ife kọfí dúró sẹ́nu Verna. Kò wo obìnrin náà lójú. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní mi ò mọ̀."

"Ó ń jò. Ẹ sọ fún un pé ó ń jò. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ sọ."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà ooru, àwọn arìnrìn-àjò tí wọn kò mọ Edna, tí wọn kò mọ Verna, ń ru ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lọ sókè sódò láìmọ̀. Láti òkè: ṣé igi àpù ẹ̀yìnkùlé ṣì ń so? Láti ìsàlẹ̀: fìlà wo ni ìyá yẹn dé, ṣé ó sanra, ta ló ń jókòó tì í? Láti òkè: ta ló ń ṣe ẹyin pupa báyìí? Ẹyin sísè tí wọ́n ń rẹ sínú omi bíìtì, gbòǹgbò pupa kan, àti ọtí kíkan ni, títí á fi pupa dénú; ìyá wọn ló kọ́ Verna, kò sì sí ìgbà tí ìgò rẹ̀ kì í wà nílé rẹ̀.

"Ẹ wo àwọn ọmọ ìyá kan náà tó ń fi oníkẹ̀kẹ́ ṣe tẹlifóònù," ni mo wí. "Ṣebí tẹlifóònù gan-an wà lára ògiri ẹ."

"Bí tẹlifóònù bá dún láti Stony Run, òkú ló kú. Jẹ́ kó dákẹ́ síbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ojú rẹ̀ ti ń dán. Ó ra aṣọ ìborí tuntun. Ó ti ń jáde jókòó kí oòrùn tó là dáadáa, kó má baà ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan kọjá tí òun kò bi í.

Ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n lórí igi nígbà tí obìnrin oníkẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé ní kò sẹ́nì kankan lórí bẹ́ǹṣì. Verna ní bóyá òtútù ni. Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya kan ní kò sẹ́nì kankan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ìbéèrè Verna di ẹyọ kan ṣoṣo. Kò bi wọ́n ní bàtà mọ́, kò bi wọ́n ní ajá. "Ṣé ẹnì kan wà lórí bẹ́ǹṣì?" Wọ́n á mi orí. Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Àwa ti jẹ́ kí etí gbọ́ ní gbogbo ìgbà ooru, ní báyìí tí kò rí nǹkan gbọ́ mọ́, inú wa ò balẹ̀.

Mo bá a nínú ilé ìdáná, ọbẹ̀ rẹ̀ tutù síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Dẹ́ọlá," ló wí. "Bó bá jẹ́ pé ó ti kú ńkọ́? Tí mo jókòó síbí tí mò ń béèrè fìlà?"

"Dìde, mo máa fi mọ́tò gbé ẹ lọ."

"Mọ́tò ni wọ́n fi ń lọ sìnkú. Ẹsẹ̀ ni mo máa fi lọ. Bó bá wà láàyè, kó rí i pé mo rìn."

"Pẹ̀lú orúnkún wo?"

"Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí. Àbí o ní òmíràn tó o fẹ́ yá mi?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun pẹ̀lú ọ̀pá àti ẹ̀wù ọdẹ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, èmi pẹ̀lú ìgò ẹyin pupa nínú àpò, nítorí pé ẹni tó bá ní kí Verna má fẹsẹ̀ lọ, òun náà ni yóò ru ẹrù. Ojú ọ̀nà ìbaaka tẹ́jú bí ilẹ̀ ilé. A kọjá àwọn ilẹ̀kùn omi tó ti jẹrà, omi adúrójẹ́ẹ́ lọ́tùn-ún wa, odò ńlá lósì. Verna ń dárúkọ ibi kọ̀ọ̀kan fún mi, ibi tí ìbaaka ti já sómi, ibi tí ọlọ́kọ̀ kan ti sùn lọ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbé e padà síbi tó ti ń bọ̀. Mo fura pé irọ́ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn ò ṣe é rìn láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí a dé ìparí afárá, ó dúró. Obìnrin oníkẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé bá wa níbẹ̀.

"Ìyá, níbo lẹ ń lọ tó jìnnà báyìí?"

"Mò ń lọ wo bẹ́ǹṣì yẹn."

Obìnrin náà wò ó, ó wò mí, kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sáré lọ sí ọ̀nà Stony Run. Verna ṣì dúró.

"Ṣé òfin Bàbá ni?" mo bi í.

"Mi ò tíì débẹ̀ rí, Dẹ́ọlá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo máa ń rí èéfín rẹ̀ láti ìhà tiwa ni." Ó fi ẹsẹ̀ kan kúrò lórí afárá bọ́ sójú ọ̀nà rélùwéè, bí ẹni ń dán omi gbígbóná wò, ó wá fi èkejì tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó fi ọ̀pá tú òkúta wẹ́wẹ́ káàkiri, ó ń wá nǹkan.

"Kí lo ń wá?"

"Irin ni. Nǹkan tó pa iṣẹ́ Bàbá mi. Ibo ló wà?"

Ìṣó ńlá kan tó ti dípẹtà ló rí nínú koríko, kò rí nǹkan mìíràn. Ó yí i wò títí. "Èyí náà ni?" ló wí. "Koríko àti ìṣó? Ohun tí Bàbá bá jà títí tí kò lè sùn nìyí?" Inú bí i. Mo rò pé ó fẹ́ kí ọ̀tá náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ju ìṣó náà sínú igbó, ó sì ń rìn lọ kíákíá.

Ọ̀nà rélùwéè kò jọ tiwa. Odò àtọwọ́dá máa ń yí òkè po, ó máa ń bẹ̀ ẹ́; rélùwéè la òkè ní tirẹ̀. A rìn láàárín àpáta tí wọ́n gé bíi búrẹ́dì, omi ń sẹ̀ lára rẹ̀. Verna ń bi mí ní ìbéèrè bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé yóò jáde síbi tí wọ́n fẹ́? Ṣé Joe gba ibí lọ́jọ́ tó gbé Edna lọ? Ṣé inú rẹ̀ dùn, ṣé ó sunkún? Mo ní kó bi Edna.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. A jókòó lórí òkúta kan. Verna ń wo kòtò kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, omi tó ń sẹ̀ láti ara àpáta ń gbé ewé pupa kan bọ̀ níwájú wa. Ewé náà kọjá wa, ó ń lọ sí ọ̀nà ibi tí a ti ń bọ̀.

"Dẹ́ọlá. Òkè la ń lọ."

"Orúnkún mi ti sọ fún mi láti àárọ̀."

"Mi ò mọ̀. Kò jọ òkè. Mò ń wò ó bí ilẹ̀ tó tẹ́jú." Ó ń wo omi náà. "Bàbá máa ń dúró lórí ilẹ̀kùn yẹn, á máa pariwo sí wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ á ní àwọn rù, àwọn kò ní tú okùn. Bàbá á ní, 'Mi ò bi ọ́ ní ẹrù! Níbo lò ń lọ? Bó o bá ń gòkè, tú u sílẹ̀!' Torí pé ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, omi ń tì í lẹ́yìn, kò rọrùn fún un láti dúró. Ẹni tó ń gòkè lè dúró nígbàkigbà. Kò sí ti ẹrù níbẹ̀. Ẹni tó ń gòkè ni."

"Ìwọ sì ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí pé ẹni tó ṣófo ni."

"Àwọn tó ń gòkè sábà máa ń ṣófo, àwọn èèyàn wá ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi ni mo mú." Ó fi aṣọ ìborí tuntun rẹ̀ nu ojú. "Ìsàlẹ̀ ni mò ń gbé, Dẹ́ọlá. Edna ń gbé lókè. Bó bá jẹ́ èmi ló máa lọ bá a, òkè ni màá gùn. Bó bá jẹ́ òun ló máa wá bá mi, á máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Bí a bá ti lè pàdé, lọ́nàkọnà, èmi ni kí n tú u. Láti ọjọ́ kìíní. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ìdajì òfin bínú sí i. Ọlọ́run, jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀."

Mo fún un lọ́wọ́, ó dìde.

A kò tíì rìn jìnnà tí a fi gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn kọ́nà, ohùn arúgbó tó mú bí abẹ.

"Ọ̀nà ni mo ní kó o gbà, Michael, kì í ṣe inú kòtò! Bàbá ẹ wa rélùwéè gba ibí, kò ta mí tó báyìí!"

Ọwọ́ Verna fún mi lápá. Ọkùnrin gìrìwò kan ló yọ, fìlà òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lórí rẹ̀, ó ń ti àga onítáyà, arúgbó kan tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wà nínú rẹ̀. Verna kò kọ́kọ́ wo arúgbó náà. Ọkùnrin náà ló ń wò.

"Bàbá mi nìyẹn," ló sọ sí mi létí. "Wo ojú. Wo àgbọ̀n. Wọ́n mú fìlà rélùwéè, wọ́n fi dé Bàbá mi lórí." Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́.

Lẹ́yìn náà ló fi mí sílẹ̀. Ó yà sí etí ọ̀nà, ó dúró gbagidi, ó tẹ̀ ba pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó sì tẹ́ ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀ dábùú ọ̀nà níwájú àga náà.

Michael dúró. Edna wo ọ̀pá náà.

"Ta ló ń gòkè?" ló bèèrè.

"Èmi ni," Verna wí. "Mo ti tú u. Kọjá."

Edna fa bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ra. "Mo rò pé ẹ máa ní mo ṣófo ni. Mo rò pé bí mo bá yọjú, ẹ máa ní èmi ni kí n tú u, mi ò sì lè tú u, Verna. Mi ò ṣófo nígbà kankan."

"Mo mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni." Verna gbé orí sókè, ó sì pe ìpè tí olùṣọ́ ilẹ̀kùn máa ń pe ọkọ̀ tó bá ń kọjá. "Kí lo rù?"

Edna fọwọ́ nu imú. "Ìdí kan tó ṣẹ́, òun ló lé mi kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ kan tí kò mọ ọ̀nà. Àti ebi, torí pé obìnrin oníkẹ̀kẹ́ kan ló bèèrè ilé mi títí, tó gbá fèrèsé mi kí n tó jẹun, tó ní arúgbó kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá wo bẹ́ǹṣì." Ojú rẹ̀ bọ́ sára àpò mi. "Kí ni ìyẹn gbé?"

"Ẹyin pupa," Verna wí.

"Ti Màmá?"

"Ta ló tún ń ṣe òmíràn?"

"Michael," Edna wí, "gbé mi kọjá. Rọra, má fi táyà fọ́ ọ̀pá àǹtí ẹ."

Michael rọra gbé àga náà kọjá lórí ọ̀pá, iwájú, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Verna," ló wí bó ṣe ń kọjá, ohùn rẹ̀ sì kéré gan-an fún irú èèyàn gìrìwò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọjá wa. Ẹ̀yìn Edna ló kọ sí wa, ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn.

"Verna," Edna pè láìyíjú padà, "níbo lò ń lọ gan-an?"

"Stony Run. Mò ń lọ kí ẹ."

"Mi ò sí nílé."

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Michael náà bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì.

"Mò ń sọ̀kalẹ̀ ni," Edna wí. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí bóyá ilẹ̀kùn yẹn ń jò."

"Ó ń jò," Verna wí. "Láti ìgbà tó o ti lọ ló ti ń jò." Ó yípo, ó rìn bá wọn, ó sì gbé ọwọ́ lé apá àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ibì kan náà, ilẹ̀ ń rọra tì wọ́n lẹ́yìn lọ sílé, kò sì sí ẹni tó tún ní láti tú okùn fún ẹnì kan.

Wọ́n ti jìnnà díẹ̀ kí n tó rántí ọ̀pá tó wà nílẹ̀. Mo gbé e, mo tẹ̀lé wọn. Verna kò béèrè rẹ̀ títí a fi délé.